Ìṣẹ́jú Méje Aláago

Kápténì kú lọ́jọ́ Ẹtì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, ó ti di ẹni mímọ́. Ikú mọ èèyàn tún ṣe o. Ọkùnrin tó jẹ́ pé tó o bá gbé bàálù tó o fi oṣù mẹ́ta kàn fún un, á fi ìka tọ́ ọ láti imú dé ìrù, á dá a padà fún ẹ, á ní, "Kò burú, ó máa wúlò fún dídá iná," òun kan náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wá kọ lẹ́tà nípa rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ìṣírí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí lẹ́tà yẹn dé ọwọ́ Aláago, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà, ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà, bóyá Kápténì míì ni wọ́n ń sọ.

Ẹgbẹ́ tí à ń wí yìí, ẹgbẹ́ àwọn àgbàlagbà tó ń ṣe bàálù kékeré ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń kàn án, wọ́n á fi bébà tínrín bo ìyẹ́ rẹ̀, wọ́n á wá ki rọ́bà gígùn sí i nínú. Wọ́n á lọ́ rọ́bà yẹn, wọ́n á lọ́ ọ títí á fi le gbagidi. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, fáànù tó wà nímú bàálù á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, bàálù á sì gbéra. Kò ní ẹ́ńjìnnì, kò sí ohun tí èèyàn lè fi darí ẹ̀ látilẹ̀. Tó bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹ, ó parí. Kó o dúró sí àárín pápá, kó o gbójú sókè, kó o máa bẹ Ọlọ́run ló kù. Èyí tó bá pẹ́ jù lókè ló borí, nítorí ẹ̀ sì làwọn ọkùnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ ò ṣe bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Kápténì ni ọ̀gá gbogbo wọn. Kápténì ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò wọ bàálù gidi rí láyé ẹ̀. Ayàwòrán ilé ni, tábìlì àti rúlà ni iṣẹ́ ẹ̀. Àmọ́ ká sọ tòótọ́, ọwọ́ ẹ̀ mọ bàálù ṣe. Bàálù tiẹ̀ ló pẹ́ jù lókè nínú ìtàn ẹgbẹ́, ìṣẹ́jú méjìlélógún. Aláago tó ń tún aago ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ilé ìfìwéránṣẹ́ ló tẹ̀ lé e, ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún àti ogójì ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ìwé ẹgbẹ́ ṣe wí nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá bi Aláago fúnra ẹ̀, á sọ pé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, á sì sọ fún yín bóyá ẹ ráyè tàbí ẹ ò ráyè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Òfin ẹgbẹ́ kò gùn. Ẹni tó ni bàálù kò gbọdọ̀ di aago mú; ẹlòmíì ló ń dì í mú fún un. Tí bàálù bá gbéra, á tẹ aago, tó bá balẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ kó dúró. Ṣùgbọ́n tí bàálù bá lọ sókè títí tí ojú ẹni tó di aago mú ò fi rí i mọ́, ibẹ̀ náà ni ìṣirò parí sí. Ojú tiẹ̀ nìkan ló kà. Ojú ẹlòmíì, kódà kó jẹ́ ojú àṣá, kò sí nínú ìwé.

Lọ́dún méjìdínlógún sẹ́yìn, lọ́sàn-án Sátidé kan, Aláago ju bàálù ẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè sókè, ó sì bọ́ sínú atẹ́gùn gbígbóná tó ń gòkè láti orí páànù ilé ìkẹ́rùsí tó wà létí pápá. Ó ń yí po, ó ń gòkè, ó ń yí po, ó ń gòkè. Ta ló di aago mú? Kápténì ni. Ìgbà tirẹ̀ ló kàn, ẹgbẹ́ ló sì gbé aago lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn. Ẹ wá wo ọgbọ́n, ẹni tí ipò kìíní wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ ẹni tó fẹ́ gbà á. Àwọn èèyàn ń nawọ́ sókè, wọ́n ń pariwo, nígbà tó yá ọrùn dùn wọ́n, wọ́n dákẹ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni Kápténì tẹ aago.

"Mi ò rí i mọ́," ó ní.

"Ọ̀gá, òun nìyẹn," Aláago ní, ó ń na ìka. "Lókè ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ wo ọwọ́ mi. Òun nìyẹn!"

Kápténì gbé aago fún akọ̀wé, ó kọjú sí ibòmíì, ó lọ. Aláago dúró síbẹ̀, ó ń wo bàálù ẹ̀ lókè, ó ń wo aago ọrùn ọwọ́ ẹ̀, ìṣẹ́jú méje gbáko sì kọjá kí bàálù yẹn tó wọ inú kùrukùru lọ. Apòògùn, ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ń ta oògùn, náà rí i, ó tiẹ̀ tún nawọ́ sí i. Àmọ́ òfin lòfin. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, kò dá Apòògùn lójú mọ́ pé òun rí nǹkan kan. Lọ́dún karùn-ún, ó ní òun ò tiẹ̀ wá sí pápá lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n wá sọ Aláago ní Ìṣẹ́jú Méje. "Ìṣẹ́jú Méje, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." "Ìṣẹ́jú Méje, ṣé bàálù yẹn ti balẹ̀?" Inú ń bí i, ó ń rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ atẹ́gùn nìkan ló ń da òun àti Kápténì pọ̀ ní pápá. Kápténì ò tún di aago ẹnikẹ́ni mú mọ́. Wọ́n ní ipò ẹ̀ ti ga ju ìyẹn lọ. Lọ́dún yẹn kan náà, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù Aláago lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Aláago rí i látòkèèrè, tó yí pátákó ẹnu ọ̀nà sí "A ti tì," tó fa kọ́tìnì, tó sì jókòó sẹ́yìn ẹ̀ bí olè. Ó ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnì. Kápténì á kanlẹ̀kùn, á dúró, á wá fi imú kan gíláàsì, á máa yọjú kiri. "Ẹ wo àlejò tó ń fimú nu gíláàsì mi," Aláago á sọ nínú ara ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn dọ́ba.

Ní báyìí, wọ́n ti ṣe pátákó ńlá kan tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ sí pápá, wọ́n gbẹ́ orúkọ Kápténì àti ìṣẹ́jú méjìlélógún sára ẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sẹ́ni tó kọjá á rí. Kí wọ́n tó ṣí aṣọ lójú pátákó yìí, wọ́n fẹ́ kí àwọn kan sọ̀rọ̀ ìyìn. Ta ló pẹ́ jù nínú ẹgbẹ́ báyìí? Aláago ni. Ó jókòó, ó kọ ojú ewé méjì. Kò sí ìyìn kankan níbẹ̀.

"Bàbá wọn," ìyàwó ẹ̀ ní, "ṣé òkú lẹ fẹ́ bá jà?"

"Mi ò bá a jà. Òtítọ́ ni mo fẹ́ sọ. Tí wọ́n bá ti kan pátákó yẹn mọ́lẹ̀, ó tán fún mi nìyẹn."

"Òtítọ́ yín yìí, ọdún méjìdínlógún lẹ ti ń sọ ọ́. Èmi gan-an ti mọ̀ ọ́n sórí. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé ibì kan lọ́hùn-ún, ẹ kàn wò mí."

Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n to àga sí iwájú ilé Kápténì. Wọ́n gbé àwòrán ẹ̀ tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ka orí tábìlì, pẹ̀lú awò dúdú tí kì í bọ́ lójú. Pátákó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Akọ̀wé ló kọ́kọ́ gba máìkì. Oníṣègùn eyín ni, ó sì ti mọ́ ọn lára kí ó máa bá ẹni tó la ẹnu sílẹ̀ tí kò lè fèsì sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," akọ̀wé ní, "ẹni ńlá lọ. Ta ló tún lè fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀ lọ́mọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, kí ó lè ráyè fún bàálù? Ta ló tún lè ta mọ́tò ẹ̀, kí ó máa fẹsẹ̀ rìn nítorí ìlera? Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n sí afínjú, ẹ wo awò yẹn. Ẹ wá wo ìfẹ́. Ibi yòówù kó máa lọ, ọwọ́ ìyàwó ẹ̀ ló ń dì mú, bíi pé àná ni wọ́n ṣègbéyàwó."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún ìfẹ́. Aláago náà pàtẹ́wọ́, ọ̀kan ṣoṣo. Ó fọwọ́ kan àpò ẹ̀, ojú ewé méjì wà níbẹ̀. Òun ló kàn. Bí akọ̀wé ṣe fẹ́ pe orúkọ ẹ̀ báyìí, iná lọ, máìkì dákẹ́. Akọ̀wé ń ya ẹnu, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ, èèyàn mẹ́ta sì dìde láti lọ wo ẹ̀rọ iná. Ìyàwó Kápténì, ẹni tó ti jókòó jẹ́ẹ́ látàárọ̀, wá fọwọ́ pe Aláago.

"Bàbá Aláago, ẹ fẹsẹ̀ kan wọlé. Ọkọ mi ní nǹkan tó ní kí n fún yín."

Yàrá tí Kápténì ti ń ṣe bàálù ló mú un lọ. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi jọ wà nínú ẹgbẹ́, Aláago ò dé ibẹ̀ rí. Tábìlì gígùn kan wà lójú fèrèsé, bàálù mẹ́jọ rọ̀ sórí òkè, gbogbo nǹkan sì wà létòlétò. Bó ṣe fẹ́ gbẹ́sẹ̀, okùn kan dá a dúró níkùn. Wọ́n na okùn yẹn láti ẹnu ilẹ̀kùn lọ dé ìdí tábìlì, ó ga tó ìbàdí.

"Màmá, okùn kí lèyí?"

"Òun ló ń dì mú tó bá fẹ́ lọ jókòó."

Ìyá náà gbé àpótí irinṣẹ́ kan lé e lọ́wọ́. Aláago ṣí i. Rúlà onígi tó wà nínú ẹ̀ kò ní nọ́ńbà kankan lára mọ́. Wọ́n fi ọ̀bẹ gé ibi tí nọ́ńbà yẹ kó wà, gígé kan, gígé méjì, gígé mẹ́ta. Àwọn ọmọ àpótí kéékèèké tó ń kó igi sí, ìṣó ni wọ́n kàn mọ́ ìdérí wọn, ìkan ìṣó kan, ìkan ìṣó mẹ́rin. Aláago fi àtàǹpàkò tọ́ ìṣó yẹn. Ẹni tó ń tún aago ṣe mọ ohun tí èèyàn ń fi ìka wá.

"Ṣé kò ríran ni?" ó béèrè.

"Ó ríran díẹ̀. Nígbà tó yá, kò rí nǹkan kan mọ́. Ọdún méjì kí ẹ tó ju bàálù yín yẹn sókè ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí tó fi fi iṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Kò rí ìlà tó ń fà mọ́. Ó ní ayàwòrán ilé tó fọ́jú, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n máa fi ṣe, ó sì ní kí n búra. Mo búra. Mo wá di ìyàwó tí ọkọ fẹ́ràn jù ní gbogbo àdúgbò. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ akọ̀wé."

 Aláago fẹ́ jókòó, kò rí àga, ó fìdí ti tábìlì. "Ọjọ́ yẹn ńkọ́?" ó ní. "Ó di aago mi mú lọ́jọ́ yẹn."

"Wọ́n fi tipá gbé e lé e lọ́wọ́ ni. Kí ló fẹ́ sọ lójú gbogbo yín? Èmi ni mo dúró tì í. Bàálù yín ò tíì lò ju ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lọ tó fi pòórá mọ́ ọn lójú. Mẹ́sàn-án péré. Òfin yín ní kó tẹ aago. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹ̀ ń pariwo 'òun nìyẹn, òun nìyẹn,' òun ò lè fi ojú òun tó bà jẹ́ ba iṣẹ́ ọwọ́ yín jẹ́. Ariwo wọn ló fi ń ríran. Nígbà tí wọ́n wá dákẹ́, tó ku ẹ̀yin nìkan tẹ́ ẹ ni bàálù, kò mọ̀ bóyá ó ṣì wà lókè. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó sọ fún mi lọ́nà ilé pé, 'Mo ti fi irọ́ fún Aláago ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ fún un ní míì.'"

 Ọdún méjìdínlógún ni Aláago fi ń bèèrè ẹ̀tọ́ ìṣẹ́jú méje lọ́wọ́ gbogbo ayé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé mẹ́wàá wà lọ́wọ́ ẹ̀ tí kì í ṣe tiẹ̀. Ojú tì í débi pé kò lè wo ìyá náà.

"Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù yín kó lè sọ ọ́ fún yín," ìyá náà ní. "Ẹ̀yin nìkan ló ní òun fẹ́ sọ ọ́ fún. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Èmi á dúró lódìkejì títì, kí ẹ má bàa rí i pé mò ń fà á."

"Mo wà nínú ilé, Màmá. Mo rí i."

"Ó mọ̀. Ó gbọ́ ikọ́ yín. Ó ní ẹ kọ nǹkan sí ẹnu ọ̀nà, ó fojú kàn án títí, kò rí i kà. Mo ní kí n lọ kà á fún un, ó ní rárá, ẹni tí inú ń bí, ká jẹ́ kí inú máa bí i." Ó wo àpò Aláago. "Mo mọ ohun tó wà nínú àpò yín. Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Mi ò ní kí ẹ má kà á. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó kà á ni. Ẹ lè sọ ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀ náà tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ó ti kú, mo sì ti gbé ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú tó."

Iná dé. Máìkì han gooro níta, wọ́n sì ń pe Aláago. Ó jáde, ó dúró níwájú wọn. Ó wo àwòrán ńlá yẹn àti awò dúdú tí wọ́n ń pè ní afínjú. Tó bá gba ìṣẹ́jú méje ẹ̀ lónìí, ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí aago fi dúró, tó bá sì sọ ọ́, gbogbo àwọn tó jókòó yìí ló máa relé lọ máa ṣe bí Kápténì ṣe ń rìn fún àwọn ará ilé wọn wò. Ó mọ̀ wọ́n. Ohun kan ṣoṣo tó ń tọrọ láyé yìí ni pé kí wọ́n yé pè é ní òpùrọ́, àsìkò ẹ̀ sì nìyí. Ìyàwó ẹ̀ tó jókòó lọ́wọ́ iwájú ti ń mi orí sí i, ó fẹ́ rán an létí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Ojú ewé méjì yẹn kò kúrò nínú àpò.

"Ohun tí wọ́n kọ sára pátákó yẹn, òótọ́ ni," Aláago ní. "Mo wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọjá á."

 Akọ̀wé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìṣẹ́jú méje ńkọ́, bàbá?"

"Kò sí ìṣẹ́jú méje kankan. Mò ń parọ́ ni."

Ẹ̀rín bú jáde. Wọ́n rín in títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Ilé ọ̀fọ̀ di ilé ẹ̀fẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rín ẹ̀ ròkè jù ni Apòògùn, tó ti fi ọwọ́ ara ẹ̀ nawọ́ sí bàálù yẹn lókè. "Ṣé mo sọ fún yín?" ó ń wí fún àwọn tó jókòó tì í. "Látọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ìlara lásán ni." Akọ̀wé gbá Aláago lẹ́yìn, ó ní inú òun dùn pé àgbà lè jẹ́wọ́ kó tó pẹ́ jù. Ìyàwó Aláago ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ń wo ọkọ ẹ̀ bí ẹni pé wọ́n gbé ẹlòmíì wá fún un. Inú Aláago bà jẹ́ gan-an. Ó ti rò pé tí èèyàn bá ṣe nǹkan tó dáa, ara á tù ú.

"Ó yá, bàbá," Apòògùn ní láti ibi tó jókòó, "ẹ wá fẹnu ara yín sọ ọ́, kó yé gbogbo wa. Ìṣẹ́jú mélòó ni bàálù yín lò lókè lọ́jọ́ náà?"

Aláago fa máìkì súnmọ́ ẹnu. Ó wo ìyàwó Kápténì tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Mọ́kàndínlógún àti ogójì ìṣẹ́jú-àáyá," ó ní. "Ẹni tó di aago mú tiẹ̀ ṣe mí lóore."

Ìyẹn gan-an ni wọ́n rẹ́rìn-ín sí jù.